Orí Karùn-ún: Bí Ìbàdàn Àtijọ́ Ṣe Ń Pa Ìtàn Rẹ̀ Mọ́

5.1 Orúkọ àdúgbò

Ní Ìbàdàn àtijọ́, orúkọ àdúgbò ni ìwé ìtàn tí ìlú kọ́kọ́ ní. Kí ẹnikẹ́ni tó fi gègé kan bébà níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń fi orúkọ ọjà, òkè àti pópó sàmì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó ṣe é.

Ọjà'ba ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ọjà Ìbà ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbà tí wọ́n ń wí ni Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà náà, tó sì kú ní 1847. Bí ẹnu ṣe ń gé orúkọ náà kúrú, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé Ọjà Ọba ni. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn láyé Olúyọ̀lé. Kò sí adé níbẹ̀, kò sì sí ìdílé kan tó lè sọ pé àwọn nìkan ló ni oyè olórí. Akin àti ọmọ ogun tó pọ̀ ló ń gbé ènìyàn gòkè. Baálẹ̀ ṣì ni orúkọ oyè olórí ìlú kó tó di Olúbàdàn ní 1936. Ẹni tó bá pe ọjà náà ní Ọjà Ọba ti fi ọba jẹ ní ìlú tí kò tíì ní ọba.

Òkè Màpó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ìlú. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá pàgọ́ sí agbègbè òkè yìí àti ibi tó di Ọjà Ìbà. Àgọ́ ogun ni wọ́n pè é, àmọ́ wọn kò padà sílé mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1929, ni Gbọ̀ngàn Màpó parí lórí òkè kan náà. Robert Jones, onímọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Taffy, ló darí iṣẹ́ náà. Gbọ̀ngàn tí ìjọba amúnisìn kọ́ yìí ti di ibi tí Ìbàdàn ti ń fi Olúbàdàn jẹ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé adé fún Olúbàdàn Rashidi Ladọja ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ilé gogoro tó wà ní Òkè Ààrẹ fi ohun mìíràn hàn. Ní 1936 ni wọ́n kọ́ ọ láti fi rántí Kápítéènì Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ jókòó sí Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn 1893. Orúkọ Bower ló wà nínú ìwé ìjọba. Láyípo ni àwọn ará ìlú pè é ní tiwọn, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po títí dé òkè. Ìjọba ló pinnu ohun tí wọ́n kọ́, ará ìlú ló pinnu ohun tí wọn yóò máa pè é. Orúkọ tó wà lẹ́nu ará ìlú ló sì wà lẹ́nu ọmọ wọn.

5.2 Oríkì àti ọdún Òkè'Bàdàn

Orúkọ àdúgbò kì í gùn. Ó lè dárúkọ ẹnì kan, kò lè ròyìn ìwà rẹ̀. Oríkì ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ní agboolé kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-osú ló sábà máa ń mọ oríkì jù. Wọ́n á kì í fún ọmọ tó bá jí kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n á kì í níbi ìgbéyàwó, wọ́n á sì fi sunkún òkú àgbà. Inú rẹ̀ ni ìlú tí ìdílé ti ṣí wá, iṣẹ́ wọn, èèwọ̀ wọn àti ogun tí wọ́n jà wà.

Oríkì Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kò fi ìyà pamọ́. Ó ń sọ nípa àwọn ènìyàn tó jẹ èso òro àti ìgbín, tí wọ́n sì sọ ìkarahun di ife ẹ̀kọ. Ìtàn ìpilẹ̀ ìlú ló ṣàlàyé rẹ̀. Lágelú, akọni tó ti Ifẹ̀ wá, ló tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó, ṣáájú àgọ́ ogun 1829. Wọ́n tú àṣírí eégún síta lọ́jọ́ ọjà, àwọn ìlú tó yí wọn ká bínú, wọ́n sì pa Ìbàdàn run. Àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, ohun tí igbó bá fún wọn ni wọ́n sì ń jẹ. Ọdún Òkè'Bàdàn, tí Abọkè jẹ́ àwòrò rẹ̀, ń mú ìrántí náà padà lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ náà, wọn kì í dáná, ọjà kì í ná, àwọn ènìyàn á sì máa kọ orin tí ojú kì í gbà láti kọ ní ọjọ́ mìíràn. Bí àwọn ìlú mìíràn ṣe ń fi ìtàn adé yangàn, ìyà tí àwọn baba ńlá là kọjá ni Ìbàdàn fi ń kí ara rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó fi ìdìde Ìbàdàn láàárín 1851 sí 1893 ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè dókítà ní Oxford, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1974 láti fi hàn pé oríkì jẹ́ ẹ̀rí tí onímọ̀ ìtàn lè lò. Àmọ́ ẹ̀rí náà ní ààlà tirẹ̀. Oríkì kì í ka ọdún. Ó máa ń gbé akọni ga, ó sì lè fo ẹni tó ṣubú dá. Ẹni tó bá fẹ́ fi oríkì kọ ìtàn gbọ́dọ̀ mọ ìdílé tó ni ín àti ẹni tí wọ́n ń kì í fún, kó sì wá ẹ̀rí mìíràn tì í lẹ́yìn.

5.3 Yemọja nílé àti lẹ́yìn òkun

Ojúbọ Yemọja ló fún Pópó Yemọja ní orúkọ. Ọdọọdún, ní oṣù kẹwàá, ni wọ́n ń ṣe ọdún òrìṣà náà níbẹ̀, tí àwọn aláṣọ funfun á tú jáde. Ìtàn ńlá kan fara pamọ́ sínú orúkọ pópó yìí. Odò Ògùn ni odò Yemọja, kò sì ṣàn gba àárín Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn tí ogun ṣí nídìí ló gbé òrìṣà wọn dání wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́, tí ó sì di ahoro ní àárín àwọn ọdún 1830, àwọn tó ń sá bọ̀ láti àríwá kún Ìbàdàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wá pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń bọ nílé baba rẹ̀.

Ogun kan náà yìí ló kó àwọn mìíràn dé etíkun. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní oṣù kìíní ọdún 1835, lábẹ́ ìdarí àwọn Mùsùlùmí. Ìbàdàn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Àwọn méjèèjì, ẹni tó sá wọ àgọ́ tuntun àti ẹni tí wọ́n dè sínú ọkọ̀ òkun, lè jẹ́ ọmọ ìyá kan.

Yemọja di Iemanjá ní Brazil, ó di Yemayá ní Cuba. Ní Salvador, ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdọọdún ni wọ́n ń kó òdòdó, lọ́fínńdà àti ọṣẹ lọ fún un ní etíkun Rio Vermelho. Ní Regla, ní ìkángun kejì èbúté Havana, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe tiwọn. Odò ló ni ín nílé. Òkun ló ni ín lọ́hùn-ún. Ní 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó fẹ́ padà sí ìṣẹ̀ṣe dá abúlé kan tí wọ́n pè ní Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ South Carolina, lábẹ́ olórí wọn, Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi. Orúkọ abúlé náà sọ ohun tí wọ́n ń wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò gbọ́dọ̀ fi apá kan ọ̀rọ̀ yìí bo èkejì. Ìbàdàn gba ẹni tí ogun lé. Nígbà tó yá, Ìbàdàn fúnra rẹ̀ di ẹni tó ń lé ènìyàn. Lára àwọn tí ogun rẹ̀ kó, wọ́n ta àwọn kan dé etíkun, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ sí oko àwọn olóyè. Ìwúrí tí aláwọ̀ dúdú ní sí ìtàn rẹ̀ ní láti gba àwọn méjèèjì mọ́ra: ohun tí wọ́n gbé dé Bahia tí kò parun, àti ọwọ́ tí ará ilé ní nínú bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

5.4 Àwọn tó kọ ìtàn sílẹ̀

Ìwé dé Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé láti 1853, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti agbo Kúdẹtì ni Samuel Johnson ti jáde. Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní kékeré. Ó di olùkọ́ àti àlùfáà, ó sì jíṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun nígbà tí wọ́n ń wá àlàáfíà sí ogun Kírìjí ní 1886.

Ìwé Johnson lórí ìtàn Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1897 ló kọ ọ́ tán. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Johnson sì kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ìṣègùn, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, ó sì tún un kọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkọ̀ òkun tó ń gbé e lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan, ojú Kristẹni ló sì fi wo àwọn tó kù. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè kọ ìtàn Yorùbá kó fò ó.

Isaac Babalọlá Akínyẹlé gba ọ̀nà mìíràn. Ó tọ àwọn àgbà Ìbàdàn lọ, ó sì fi Yorùbá kọ ohun tí wọ́n sọ. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ti Johnson. Àwọn tó lè ka èdè wọn nìkan, tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lè kà á kí wọ́n sì já a ní koro bí ó bá ṣì sọ. Akínyẹlé tó kọ ìtàn àwọn olórí ìlú di Olúbàdàn fúnra rẹ̀ ní 1955, orí oyè náà ló sì wà títí tó fi wàjà ní 1964.

D. A. Ọbasá, tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn, dá ìwé ìròyìn Yoruba News sílẹ̀ ní 1924, ó sì ń fi èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde. Ó ń kó òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ jọ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó kú tán, ó sì tẹ díẹ̀ nínú wọn sínú ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1927.

Àwọn ará Ìbàdàn yìí kò dá nìkan wà láyé. Ní 1926, Carter G. Woodson, ọmọ àwọn tó ti ṣe ẹrú rí, bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ náà ló di odindi oṣù ní 1976. Ní 1926 kan náà, ilé ìkàwé gbogbogbòò ti New York ra àwọn ìwé tí Arturo Schomburg, aláwọ̀ dúdú ọmọ Puerto Rico, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Ohun kan ló ń lé gbogbo wọn: bí a kò bá kọ ìtàn wa, ẹlòmíràn á sọ pé a kò ní.

5.5 Yunifásítì àti ilé ìpamọ́

Ẹlòmíràn sì sọ ọ́. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ pé ìtàn àwọn òyìnbó tó wá sí Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀, òkùnkùn ni ìyókù. Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Kenneth Onwuka Dike, olùkọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tó di Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba wò láti 1951. Ó rí i pé ikán àti omi òjò ń bà wọ́n jẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì. Ìwádìí rẹ̀ ló bí National Archives, tí ìjọba fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1954, ilé rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Níbẹ̀ ni lẹ́tà àwọn aṣojú ìjọba, ìwé ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn àtijọ́ wà.

Ní 1956, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ètò ìwádìí ìtàn Yorùbá kalẹ̀, Sàbúrì Bíòbákú sì jẹ́ olùdarí rẹ̀. Ní 1962, yunifásítì náà dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ ìtàn Ìbàdàn, Dike, Bíòbákú, J. F. Adé Àjàyí àti Awẹ́ láàárín wọn, yàtọ̀ ni pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé wò. Ìwé ìjọba kì í purọ́ nípa ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó lè purọ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Aṣojú ìjọba tó pe ìjà ní ọ̀tẹ̀ ní ìdí tó fi pè é bẹ́ẹ̀.

5.6 Àpẹẹrẹ kan: Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ìtàn Ìyálóde Ẹfúnṣetán ni a lè fi dán ohun gbogbo tí orí yìí ti sọ wò. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Ìbàdàn ló ti là. Ó ní oko ńlá àti ẹrú púpọ̀, ó sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun ní àwìn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú níbi ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, yọ ọ́ lóyè ní ọjọ́ 1, oṣù karùn-ún, ọdún 1874, wọ́n sì pa á nínú ilé rẹ̀ ní òru ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún náà. Ẹrú rẹ̀ ni wọ́n lò.

Nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970, ìkà tó ń ṣe sí àwọn ẹrú rẹ̀ ló gbilẹ̀ jù. Eré yìí àti fíìmù tí wọ́n fi ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Johnson ròyìn ìkà náà pẹ̀lú, ó sì so ó mọ́ ikú ọmọ Ìyálóde. Àmọ́ ó to àwọn ẹ̀sùn Látòóṣà lẹ́sẹẹsẹ: Ìyálóde kò bá a lọ sógun, kò fi oúnjẹ àti ohun ìjà ránṣẹ́, kò sì jáde pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ti ogun dé. Kò sí ẹrú nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awẹ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1992, tẹ̀ lé ojú ọ̀nà yìí. Obìnrin tí àwọn jagunjagun jẹ ní gbèsè, tó sì ń lòdì sí ogun tí kò lópin, ti di ìdènà fún Látòóṣà. Lónìí, ère Ẹfúnṣetán dúró ní oríta Challenge ní Ìbàdàn. Ìlú tó pa á ti sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ń yangàn.

Àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ lé ara wọn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbé obìnrin ga lè fẹ́ gbàgbé ìkà, ẹni tó sì fẹ́ràn eré lè fẹ́ gbàgbé ìṣèlú. Ó sì ṣe é ṣe kí àwọn méjèèjì gbàgbé àwọn ẹrú. Ẹrú tó kú ní oko Ìyálóde kò ní oríkì tí wọ́n ń kì ní agboolé kankan, kò ní pópó, kò sì ní ère. Ìpamọ́ ìtàn tó bá ń tọ́jú ohùn olówó nìkan kò tíì parí iṣẹ́.

5.7 Ohun tó ń ba ìpamọ́ jẹ́, àti iṣẹ́ tó kù

Omi jẹ́ ọ̀tá àtijọ́ fún ìpamọ́ ní Ìbàdàn. Àgbàrá Ògùnpa ti ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, àti àgbàrá ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, gbá ilé lọ, wọ́n sì gba ẹ̀mí. Fọ́tò àti ìwé ilẹ̀ tó wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò lè la irú rẹ̀ já. Nígbà tí agboolé bá sì ń tú ká, tí àwọn ọmọ ń kọ́lé sí ìgboro tuntun, oríkì kì í rí etí tí yóò gbọ́ ọ láràárọ̀ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà dá kún un: ní sáà 2009/2010, wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú àwọn iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó sì tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó pàṣẹ pé kó padà.

Iṣẹ́ ìpamọ́ kò dúró de ìjọba nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ti agboolé kan lè tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Kó gba àṣẹ lọ́wọ́ mọ́gàjí tàbí àgbà ilé, kó sì sọ ohun tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.
2. Kó fi fóònù gba ohùn àgbà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, ibi àti bí ẹni náà ṣe mọ ohun tó ń sọ.
3. Kó béèrè ìtàn kan náà lọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin.
4. Kó ya fọ́tò ìwé, ibojì àti ara ilé, kó sì pa ẹ̀dà wọn mọ́ sí ibi méjì.
5. Kó fi wé ìwé Akínyẹlé, ti Johnson àti ohun tó wà ní National Archives. Níbi tí wọn kò bá ti dọ́gba, kó kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, kó má yan èyí tó dùn mọ́ ọn.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Ọjà Ìbà àti Ọjà Ọba fi hàn nípa ètò ìjọba Ìbàdàn ṣáájú 1936?
2. Dárúkọ ohun méjì tí oríkì lè fi hàn, àti méjì tí kò lè fi hàn.
3. Báwo ni ojúbọ Pópó Yemọja ṣe so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Salvador àti Regla?
4. Fi ìtàn Ẹfúnṣetán nínú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá wé ti inú ìwé Johnson. Ohùn ta ni kò sí nínú àwọn méjèèjì?
5. Wádìí orúkọ àdúgbò kan ní ìlú rẹ lẹ́nu àgbà méjì. Kọ ohun tí wọ́n jọ sọ àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.